Iná Peckham àti Àjíǹde Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iṣẹ́ yíya káàdì ìgbéyàwó, ẹ̀yìn ìwé àti kàlẹ́ńdà lórí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Bariga. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé tó múlé tì wá, mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni ìkórè wa. Tí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní Bajulaiye àti Shipeolu níbẹ̀ kì í sùn mọ́. Kò sí ìjọ, kò sí ẹgbẹ́, kò sí olóṣèlú tí kò fẹ́ kí ojú òun wà lára ògiri ilé onílé lọ́dún tuntun. Ìgbà yẹn gan-an ni ọpọlọ tèmi máa ń gbẹ.

Ọyẹ́ kì í kúkú ṣe ọmọ Èkó. Láti Sàhárà ló ti ń bọ̀, á gba Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́, á sì ru erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà wá bá wa. Òkun ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Tàwọn ará Kánò le ju tiwa lọ. Síbẹ̀ náà, ètè á là, imú á dí, àárọ̀ mìíràn sì wà tí èèyàn á dúró létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ Bariga tí kò ní rí Afárá Third Mainland.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa lálẹ́ ọjọ́ 30 Máàṣì 2020 nítorí Kòrónà, mo gbé kọ̀ǹpútà mi wálé. Wọ́n ṣí ìlú, èmi ò ṣílẹ̀kùn mọ́.

Ní Dìsẹ́ńbà 2023, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ní London, mo ní iṣẹ́ ò jáde lórí mi mọ́. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe àwọn náà nìyẹn, torí pé oòrùn London ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú Dìsẹ́ńbà. Ó ní àìsàn ni, pé dókítà kan tó ń jẹ́ Norman Rosenthal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ ní Amẹ́ríkà ní 1984, iná tó mọ́lẹ̀ rekete ni wọ́n sì fi ń wò ó. "Wọ aṣọ tó nípọn, mu tíì gbígbóná, jókòó síwájú iná, wàá rí i."

Ọlọ́gbọ́n á béèrè pé oòrùn wo ló wọ̀ ní Bariga. Oòrùn tiwa ń ràn títí di aago mẹ́fà ààbọ̀ nínú oṣù yẹn kan náà. Èmi ò béèrè. Mo ra iná hálójìn oníwọ́ọ̀tì 500, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tàn lóru. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà tó ní irun lọ́rùn. Mo ti fèrèsé nítorí eruku, mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", mo jókòó síwájú iná.

Kó tó di ọ̀sán, òógùn ti ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù. Mo bá tan fáànù, kó lè bá mi lé ooru tí èmi fúnra mi fowó rà. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ bí arúgbó, ó kú. Ìyá onílé kanlẹ̀kùn.

"Kí ni gbogbo iná yìí? Ṣé adìyẹ lo fẹ́ máa sìn nílé mi ni?"

"Rárá, mà. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mà."

Wọ́n wo jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo òógùn, wọ́n yí padà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé àgbo ibà wá, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé Rosenthal fún wọn.

Ẹ̀rín nìyẹn. Ti kàlẹ́ńdà ló gba owó. Ìjọ kan ní kí n bá àwọn ṣe ẹgbẹ̀rún kan fún 2024. Orí mi ò mú nǹkan wá, mo bá fa ti 2023 yọ. Ọjọ́ Àìkú ni 2023 bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni 2024. Mo sún gbogbo ọjọ́ síwájú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo pààrọ̀ fọ́tò pásítọ̀, mo fi WhatsApp fi í ránṣẹ́, mo sì yin ara mi.

Ọ̀gá tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ní òfin kan: ẹni tó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá buwọ́ lu ewé àkọ́kọ́. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní ọyẹ́ ti fa omi ara pépà gbẹ, etí rẹ̀ ń ká, méjì-méjì ló ń lẹ̀ mọ́ra wọnú ẹ̀rọ, kí n tètè máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Mo wò ó lójú fóònù tí eruku bò: àwọ̀ dáa, pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Bàbá Alàgbà ìjọ náà tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi ò tiẹ̀ wo fọ́tò. Máàṣì ni wọ́n ṣí.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni Jésù jíǹde?"

"Ọjọ́ Àìkú, sà."

"Kí ló wá gbé Àjíǹde, 31 Máàṣì, dé Àbámẹ́ta? Ṣé o fẹ́ sọ wá di Seventh Day ni?"

Ọjọ́ 29 ni Fẹ́búárì 2024 ní. Tèmi parí sí 28. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ọjọ́ tó wà níbi tó yẹ: 1 Máàṣì tó jẹ́ Ẹtì di Ọjọ́bọ̀, Kérésìmesì tó jẹ́ Ọjọ́rú di Ìṣẹ́gun. Kàlẹ́ńdà olójú-ewé mẹ́fà ni, oṣù méjì lójú ewé kan. Jánúárì nìkan ló mọ́, ojú ewé kan náà lòun àti Fẹ́búárì sì jọ ń gbé. Pépà, pílétì, íǹkì, àpò mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ọ̀gá Kord ò bú mi. Wọ́n ní ká ní mo wá ni, àwọn ì bá rí i, torí ọdún tó bá ti ṣeé pín sí mẹ́rin, Fẹ́búárì làwọn máa ń kọ́kọ́ kà.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún mi pé inú yàrá títì ni iṣẹ́ ọpọlọ ń gbé? Bariga yìí náà ni Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, fi ṣe ilé. Ijó, ìlù àti eré ni tiwọn, ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣe ìyẹn lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, tí ọyẹ́ bá ti dé, bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ Kord ni mò ń jókòó sí, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jà lórí àwọ̀ pupa, tí gbogbo ayé sì ń jiyàn Arsenal. Orí mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná hálójìn ńkọ́? Ìyá onílé ló rà á. Wọ́n ń sin adìyẹ.

Fẹ́búárì 2028 yóò ní ọjọ́ 29, Ìṣẹ́gun ló sì máa bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kàlẹ́ńdà, kó tètè gbé e wá kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tó bá sì rí ti 2024 níbi tí Jésù ti jíǹde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wé àkàrà.