Ẹni Bá Dákẹ́ Kò Ní Gba Pẹnáritì

Àwọn àgbà ló ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgboyà ni fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ: opó tí ẹbí ọkọ fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá kò sanwó fún, àgbẹ̀ tí aládùúgbò ń jẹ ààlà rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Kó má fọwọ́ lẹ́rán. Kó sọ̀rọ̀, káyé gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dé pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ó rí i pé òwe yìí ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ jẹ rárá. Òfin mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù. Tiwa jẹ́ méjìdínlógún. Ìkejìdínlógún náà ni pé kó o pariwo kó o tó ṣubú, kó o pariwo bó o ṣe ń ṣubú, tó o bá sì dìde tán, kó o máa pariwo lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan fínnífínní. Ìdíje ife alága káńsù ni, ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Ọparun ni òpó ilé, eérú ni wọ́n fi fa ìlà, òjò àná sì ti gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹni tó wọ nọ́ńbà 9 gbá bọ́ọ̀lù wọ àgbègbè ojú ilé, adẹ́yìnmú kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ewúrẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá. Lójijì ni nọ́ńbà 9 figbe ta, ó sán ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó di orúnkún ọ̀tún mú. Ẹsẹ̀ òsì ló sún mọ́ adẹ́yìnmú yẹn. Ó rántí, ó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ojú kan ṣoṣo láti wo ibi tí rẹfirí wà.

Kí ojú náà tó pa dé, kóòṣì ti wọ pápá. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ti wọ pápá. Ọmọ tó ń gbé omi ti wọ pápá tòun ti ike lọ́wọ́. Ọlọ́kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì, tí kò tíì mọ èwo ló ń bá èwo gbá, ti nawọ́ sójú ilé: “Pẹnáritì! Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni?” Ìyá olómi ọ̀rá, tó kẹ̀yìn sí eré látàárọ̀, búra pé ojú òun báyìí ló ṣe.

Fèrè dún. Ó wá ku ibi tí wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù sí. Òfin ní yáàdì 12, ìyẹn mítà 11, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹfirí nìkan ni rúlà tó wà. Bó bá jẹ́ onílé ló fẹ́ gbá a, á máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, gìgísẹ̀ ọ̀tún á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ìka òsì. Bó bá jẹ́ àlejò ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣàdédé gùn, yáàdì méjìlá á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín pápá.

Aṣọ́lé náà kò jókòó lásán. Ó tú okùn bàtà tó ti so dáadáa, ó tún un so. Ó bu iyanrìn pa ọwọ́. Ó fò, ó fọwọ́ gbá ọparun òkè, gbogbo ilé sì ń mì. Ó bi rẹfirí bóyá bọ́ọ̀lù ò ti máa jò. Láti 2019 ni òfin ti ní kí aṣọ́lé má ṣe fọwọ́ kan òpó tàbí àwọ̀n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá a, kó sì jẹ́ kí apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó kéré tán, wà lórí ìlà. Ní 2023, wọ́n fi kún un pé kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò da ọkàn ẹni tó fẹ́ gbá a rú lọ́nà àìtọ́. Òfin tó dára ni, àfi pé ìlà tó yẹ kí aṣọ́lé dúró lé, òjò ti gbé e lọ. Bó bá wá mú bọ́ọ̀lù náà, igbe á tún sọ: ó ti kúrò lórí ìlà! Ìlà wo? Wọ́n á tún un gbá. Mo ti rí pápá tí wọ́n ti tún pẹnáritì kan ṣoṣo gbá títí ó fi wọlé, tí rẹfirí sì mí kanlẹ̀ bíi pé gbèsè kan ló kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ká tó bú wọn tán, ká gbà pé ìgbà kan wà tí ariwo jẹ́ òfin gan-an. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú 1891, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń mú onílàjà tirẹ̀ wá sínú pápá. Rẹfirí á dúró sétí ìlà. Ìgbà tí àwọn onílàjà méjèèjì kò bá fẹnu kò ló tó ń dá sí i. Bí agbábọ́ọ̀lù kò bá sì fẹnu ara rẹ̀ ké gbàjarè, wọn kì í dá ẹjọ́ kankan fún un. Ẹni tó dákẹ́ nígbà náà, tara rẹ̀ bá a dákẹ́ lóòótọ́.

Ọdún 1891 ni nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún náà, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù jókòó ní Glasgow, wọ́n fọwọ́ sí pẹnáritì. Ẹni tó dá a lábàá ni William McCrum, ará Milford ní Armagh, nílẹ̀ Ireland, aṣọ́lé sì lòun fúnra rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú rẹfirí wọ inú pápá, tí wọ́n lé àwọn onílàjà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fún rẹfirí láṣẹ láti fun fèrè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn, dídákẹ́ kò pa agbábọ́ọ̀lù lára mọ́, nínú ìwé.

Inú àwọn kan tilẹ̀ bàjẹ́ sí òfin tuntun náà. Àwọn Corinthian, ikọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1882, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbowó kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, ní àbùkù ni. C. B. Fry, ọ̀kan nínú wọn, bínú pé òfin yìí ń sọ pé ọmọlúàbí lè mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn kó ṣubú. Wọ́n ní bí wọ́n bá fún wọn ní pẹnáritì, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ gbá a síta. Bí wọ́n bá fún ẹni tó ń bá wọn gbá, aṣọ́lé wọn á yẹra kúrò lójú ilé. Bí irú wọn bá dé pápá wa lónìí, àpò wọn la máa kọ́kọ́ tú, ká wò ó bóyá tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀.

Àwọn yòókù kò fi ìtìjú ṣòfò. Sáà àkọ́kọ́ tí pẹnáritì wọlé, a gbọ́ pé Stoke ń bá Aston Villa gbá, Villa ti fi góòlù kan ṣíwájú, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ni Stoke bá rí pẹnáritì. Aṣọ́lé Villa gbé bọ́ọ̀lù, ó gbá a fò jáde kúrò nínú pápá pátápátá. Kí wọ́n tó rí i, àsìkò ti tán. Ní 1892, wọ́n tún òfin ṣe, kí àsìkò máa dúró de pẹnáritì.

Ṣé ariwo wá ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń báni nínú jẹ́ nìyẹn. Ní 2002, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Nevill, Balmer àti Williams, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó rẹfirí 40 jọ, wọ́n fi fọ́nrán eré Liverpool àti Leicester hàn wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n dájọ́ ibi 47 tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti kọlu ara wọn. Àwọn kan ń gbọ́ ariwo èrò, àwọn yòókù ń wò ó láìsí ohùn. Àwọn tó ń gbọ́ ariwo dín iye ìgbà tí wọ́n dá onílé lẹ́bi kù ní ìdá 15.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: wọn kò fi kún ẹ̀bi àlejò. Ariwo kò là wọ́n lójú láti rí ohun tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n máa ṣiyèméjì ni, kí wọ́n sì gbé fèrè mì.

Àwọn ará pápá wa kò ka ìwé yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n mọ̀ pé rẹfirí lè yí ìpinnu rẹ̀ padà níwọ̀n ìgbà tí eré kò bá tíì tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó bùṣe. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń ga jù láàárín ìgbà tí fèrè dún sí ìgbà tí wọ́n á gbá a. Ṣùgbọ́n àgbà ọ̀jẹ̀ inú wọn mọ̀ pé eléyìí kò ní yí padà mọ́. Èyí tó ń bọ̀ ló ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Balógun ikọ̀ á rọra sún mọ́ rẹfirí, á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí: “Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ẹ ṣáà rántí tiwa.” Kò ní pẹ́, bọ́ọ̀lù á ba ẹnìkan léjìká, fèrè á dún. Pẹnáritì kan fọ́tùn-ún, pẹnáritì kan fósì, gbogbo èrò á ní rẹfirí yìí mọṣẹ́, ó mọ nǹkan pín. Bó ṣe rẹ́ ikọ̀ méjèèjì jẹ lọ́gbọọgba yẹn ni wọ́n ń pè ní òdodo.

Rẹfirí náà kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òun náà ní ìṣirò tirẹ̀. Wọ́n ní ó dìgbà tí eré bá parí kí wọ́n tó sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ alága ìgbìmọ̀ lowó wà, alága ìgbìmọ̀ ló sì ni ikọ̀ tó wọ pupa. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí yàrá tí yóò sá wọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde sí títì. Ẹ ṣọ́ ọ ní ìdajì kejì: bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń rọra sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí. Bó bá fẹ́ fi hàn pé òun kì í ṣègbè, á ní sùúrù títí onílé á fi gbá góòlù mẹ́rin wọlé, á wá fún àlejò ní pẹnáritì. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwìn la fi ń ra èké ní pápá wa.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé àwa nìkan ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá, ní sáà 2019 sí 2020, wọ́n sọ ọ́ dòfin káàkiri bọ́ọ̀lù àdúgbò pé agbábọ́ọ̀lù tó bá ń fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ìdájọ́ rẹfirí yóò lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà tó di 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so kámẹ́rà mọ́ àwọn rẹfirí àdúgbò láyà, Middlesbrough ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò, torí èébú àti lílù tí wọ́n ń rí he. Níbi ìdíje ife Yúróòpù tó wáyé ní Jámánì ní 2024, balógun ikọ̀ nìkan ni wọ́n gbà láyè láti lọ bi rẹfirí léèrè ọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí òfin ti gba rẹfirí lọ́wọ́ aláriwo; aláriwo ni kò gbà pé òfin ti yí.

A rò pé àwa tí à ń lọgun ni kò jẹ́ kí tara wa dákẹ́. Ẹ tún un wò: rẹfirí ló dákẹ́. Bí fèrè bá sì dákẹ́, tara ta ló kù tí yóò sọ̀rọ̀? Adẹ́yìnmú tí wọ́n parọ́ mọ́, aṣọ́lé tó mú pẹnáritì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀ gan-an tí kò rí nǹkan kan gbà torí pé kò mọ igbe í ké, gbogbo tara wọn ló bá fèrè dákẹ́. Àwọn àgbà tó ní ká má dákẹ́ yìí náà ló ní ẹjọ́ là ń kọ́, a kì í kọ́ ìjà. Ẹni tó bá rojọ́ níwájú wọn, á dúró títí yóò fi kàn án, ẹnìkejì á sì sọ tirẹ̀. Wọn kò ní kí gbogbo ẹbí dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa fa adájọ́ láṣọ.

Àwọn ọmọdé sì ti ń wo iṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ mẹ́sàn-án ti ń gbá bọ́ọ̀lù fẹlẹfẹlẹ, ọ̀kan ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí i: “O ò tètè pariwo!”

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Okùn tó gùn ní mítà 11 kò ju owó ike omi díẹ̀ lọ. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi máa wọn pẹnáritì fún onílé àti àlejò. Kí wọ́n ka owó rẹfirí lé e lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ balógun nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn tó bá yanu kó lọ jókòó síta. Bí gbogbo ìyẹn bá pọ̀ jù fún ìgbìmọ̀ ìdíje, kí wọ́n kúkú yọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú rẹ̀. Kí kóòṣì lọ sí gáréèjì, kó ṣa àwọn tó ń pe èrò sí mọ́tò; kí ikọ̀ méjèèjì tò síwájú ara wọn, kí wọ́n lọgun fún ìṣẹ́jú 90, kí alága gbé ife fún ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù. Ohun kan ló dá mi lójú: àwọn tó bá pàdánù á ní etí rẹfirí ló di.