Ọ̀gá Metaphor

Ẹ ò lè wá sí Glazoué lóṣù kẹfà kí ẹ má pàdé rẹ̀. Bí ọjà Ọjọ́rú bá ti kún, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń wá ibi tí wọn yóò dúró sí, ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rìn láàárín àwọn àpò èlùbọ́, bébà lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń pọfọ̀. Ẹ má bẹ̀rù. "Simile, metaphor, oxymoron, litotes" ló ń pè. Ìdánwò bac ló kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé. Ohun tó sì sọ ọ́ di olùkọ́ àwọn yòókù nìyẹn: ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ kó mọ ibi tí kòtò wà. Àwọn òbí ní tiwọn gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó o, torí kò sí èyí tó yé wọn nínú ohun tó ń sọ.

Bí òjò bá ṣú lórí àwọn òkè Ìdáàṣà, "pathetic fallacy" ni. Bí ọlọ́kadà bá kọjá láìdúró, "irony" ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan dá iye lé abọ́ èlùbọ́.

"Ìyá, hyperbole nìyẹn."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ilé ta ni?"

Kò fèsì. Ó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé "rhetorical question" ni ìyá béèrè, a kì í sì í dáhùn irú rẹ̀. Ìyá dúró títí, ó ń retí ìdáhùn, ó tún ń retí owó.

Ti ìwé ló wá le jù. Things Fall Apart tí Achebe tẹ̀ jáde lọ́dún 1958, bí ẹ bá jí i lóru, á sọ fún yín pé "tragic hero" ni Okonkwo. Wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí Faransé láti 1966, nítorí náà a ò lè ní Gẹ̀ẹ́sì ló dí i lọ́wọ́: èdè méjèèjì ni kò fi kà á. Fọ́tòkópì ojú-ewé mẹ́rin tí ẹnì kan gé ìtàn náà kúrú sí ló ní. Yíǹkì ti parẹ́ lójú-ewé kẹta, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti pa Ikemefuna. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Metaphor, ọmọ náà ṣì wà láàyè títí dòní.

Lálẹ́, lábẹ́ iná ojú títì, ó ń gba igba sẹfá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan tó ti yá ìwé náà kà nawọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Okonkwo fúnra rẹ̀ fi ṣá Ikemefuna pa, ọmọ tó ń pè é ní bàbá?"

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dé e padà.

"Symbolism."

Ọmọ mẹ́fà kọ ọ́ sílẹ̀.

"Èmi rò pé ẹ̀rù ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà pe òun ní ojo."

"Ẹ̀rù ò sí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tá a kọ sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde. "Ẹ bá mi dá igba sẹfá mi padà, ẹ̀gbọ́n."

"Owó wo?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, metaphor ni."