Kọ̀ǹpútà Tó Mọ Ìdákẹ́

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n máa fi gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá l'Ọ̀wọ̀ tàbí Ìdó-Àní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n: akọrin kò tíì kọ ìlà kejì tán tí fáànù inú rẹ̀ á ti máa gberin. MacBook Air oníṣíìpù M1 tó jáde ní 2020 kò ní fáànù rárá. Owó rẹ̀ ló ń pariwo.

Dísíìkì tó ń yí náà máa ń ráhùn. Dísíìkì SSD kì í sọ̀rọ̀. Wákàtí kan ohùn sítẹ́ríò, ní bíìtì 24 àti 48 kHz, ń jẹ ààyè tó gígábáìtì kan lórí dísíìkì. Ihò USB kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì: ọ̀kan fún máìkì, ọ̀kan fún aládùúgbò tó wá ṣáàjì fóònù.

Ọwọ́ bátìrì lọ̀rọ̀ wà. Èyí tí kò lè lo wákàtí mẹ́rin á sọ jẹnẹrétọ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Ariwo ìta tún wà: lásìkò ọdún Ìgógó, ìlù lílù di èèwọ̀ l'Ọ̀wọ̀, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ìgbà ìdákẹ́jẹ́ dé. Agogo ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ní bọ́tìnì fún ìyẹn.