Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ Ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọyẹ́ Òkè-Ògùn ṣe le tó, kó má wo ètè ẹnikẹ́ni. Kó lọ ṣí orí ẹ̀rọ fọtokọ́pì wò ní ọ́fíìsì kan ní Ìsẹ́yìn nínú oṣù Ṣẹẹrẹ.

Tòkunbọ̀ ni tiwa. Rọ́bà roboto kan ń fa ìwé wọlé, pẹlẹbẹ kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń dá ìkejì dúró. Bí eruku bá ti bò wọ́n, rọ́bà á máa yọ̀ lásán. Tàbí kí ìwé mẹ́ta jọ rọ́ wọlé bí èrò tó rí mọ́tò ìkẹyìn sí Ìbàdàn.

Akọ̀wé ní ayé ni. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbá a. (Ẹ má dá wa lẹ́bi: ẹ̀rọ fọtokọ́pì Xerox 914 tó jáde ní 1959 a máa gbiná, débi pé wọ́n fi apaná tì í. Tiwa, ìwé nìkan ló ń jẹ.)

Ọmọ tó ń tún un ṣe dé láti Ṣakí. “Ẹ kúuṣẹ́ o, mà. Ẹ bá mi wá omi díẹ̀ àti àkísà.” Omi kẹ̀? Ó nu rọ́bà, ó nu gíláàsì tín-ín-rín tó ń fa ìlà dúdú sójú ìwé, ó fa píìnì kan yọ, ó sì fa ìdajì ìwé ìsinmi kan yọ, èyí tí wọ́n ti ń sọ pé ó wà lórí tábìlì ọ̀gá.

Ó béèrè owó iṣẹ́. Akápò ní kó kọ rìsíìtì, kó sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta.