Opó Pierre àti Ọkọ Ọlọ́kọ

Ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Ṣé ẹ mọ Marie Curie, obìnrin tó ṣàwárí radium, tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ yín nílé ìwé? Lọ́dún 1911, ọkọ ọlọ́kọ ni wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Paris. Háà! Ẹ má dá sí i, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Ibi tó yẹ ká yìn ín sí, mo máa yìn ín níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìlara ló ń ṣe mí. Nígbà tó ń fẹ́ Pierre lọ́dún 1895, kò da ara rẹ̀ láàmú lórí aṣọ funfun. Aṣọ aláwọ̀ aró tó dúdú ni wọ́n rán fún un, kó lè máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ tí ìgbéyàwó bá ti parí. Ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń ro ti ibi iṣẹ́! Àwọn ìyá wa ì bá ti bú sẹ́kún. Kẹ̀kẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ sì gùn lọ gbafẹ́ ní ìgbèríko.

Wọ́n bí Irène lọ́dún 1897. Ta wá ni ó ń gbé ọmọ nígbà tí ìyá ń ro òkúta nínú ìkòkò ńlá kó lè yọ radium, lábẹ́ òrùlé tó ń jò? Bàbá ọkọ ni o! Bàbá àgbà Eugène Curie, dókítà, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó wá sílé wọn, ó di alágbàtọ́. Ẹ̀yin lọ́yà àti máníjà obìnrin tí mo mọ̀, tí ẹ ń sáré láti ọ́fíìsì lọ mú ọmọ nílé ìwé, bàbá ọkọ tiyín ńkọ́? Ó wà níwájú tẹlifíṣàn, ó ń béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa délẹ̀.

Pierre fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọkọ lásán. Lọ́dún 1903, òun àti onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Becquerel nìkan ni wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tó gbọ́, ó kọ̀wé pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni, wọn ò gbọdọ̀ yọ ìyàwó òun sílẹ̀. Ó mà ṣe o, ní oṣù kẹrin ọdún 1906, ọmọlanke ẹlẹ́ṣin tẹ̀ ẹ́ pa lójú títì. Marie di opó lẹ́ni ọdún 38, ọmọbìnrin méjì lọ́wọ́. Yunifásítì Sorbonne fi í rọ́pò ọkọ rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa kọ́ni níbẹ̀.

Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹnu ì bá má kàn án. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́, Paul Langevin, ni ojú rẹ̀ lọ sí. Ọkùnrin yìí fi ọdún márùn-ún kéré sí i, ó ní ìyàwó, ó sì ti bí ọmọ mẹ́rin. Wọ́n háyà yàrá nítòsí Sorbonne. Èmi ò ní sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí Marie kọ sí i, tí wọ́n jí gbé níbẹ̀, tó sì dọ́wọ́ ìyàwó, sọ ọ́. Ó kìlọ̀ fún Paul pé kò gbọdọ̀ padà sí ibùsùn ìyàwó rẹ̀! Ìyàwó tó fẹ́ níṣu lọ́kà o! Wọ́n ní Jeanne Langevin búra pé òun máa pa Marie, inú mi ò sì bà jẹ́ sí i.

Ní oṣù kọkànlá, tí Marie wà ní ìpàdé Brussels láàárín Einstein àtàwọn ọ̀gá onímọ̀ mìíràn, ni ìwé ìròyìn gbé e jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Nobel kejì dé. Ẹ rí ìdààmú! Ó padà sílé, ó bá èrò níta tí wọ́n ń pariwo pé kí Marie tó jẹ́ àjèjì ní Faransé padà sí ìlú rẹ̀, àwọn ọmọ wà nínú ilé. Ọ̀rẹ́ ló gbà wọ́n sílé. Langevin náà fẹ́ fi ìbọn yanjú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú oníròyìn tó tẹ àwọn ìwé náà jáde. Wọ́n dúró kojú ara wọn, kò sẹ́ni tó yìnbọn. Oníròyìn ní òun ò lè fi ọpọlọ iyebíye du Faransé. Àgbàlagbà méjì!

Èyí tó bí mi nínú jù nìyí. Arrhenius, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń ṣètò ẹ̀bùn náà, kọ̀wé sí obìnrin yìí pé kó má wulẹ̀ wá sí Stockholm. Ó fèsì pé iṣẹ́ òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn, kì í ṣe ilé òun, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó lọ gbà á. Paul ńkọ́? Ó padà sọ́dọ̀ Jeanne, ipò rẹ̀ kò yẹ̀. Lọ́dún 1933, obìnrin onímọ̀ mìíràn tún bímọ fún un, mi ò sì gbọ́ pé èrò kankan lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́dún 1948, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Panthéon, níbi tí Faransé ń sin àwọn ẹni ńlá rẹ̀ sí. Marie dúró di 1995 kí wọ́n tó gbé tirẹ̀ wọlé, pẹ̀lú ti Pierre. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá wà lábẹ́ òrùlé kan báyìí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ẹ má tíì dìde. Ọmọ Irène, Hélène, fẹ́ Michel Langevin. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọmọ Paul! Ọmọ ọmọ àlè àti ọmọ ọmọ ìyálé di tọkọtaya, ìdílé méjèèjì di àna. Ká ní ilé wa ni wọ́n ti ṣe é, kí ni alága ìdúró àti alága ìjókòó ì bá sọ?