Ẹ̀fọ́ Wà Nílé, Sàláàdì Ni Wọ́n Gbé Fún Àna

Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í ṣòfófó. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé bí mo bá ti pòṣé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá, níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́, ní Ìbàdàn níbí, bí n kò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́. N ò ní dárúkọ. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti adìẹ, torí ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká sọ pé ó ṣe é. Adìẹ mẹ́jọ ni Ìyá Ìyàwó pa, adìẹ ìbílẹ̀ pọ́ńbélé. Kì í ṣe adìẹ dídì inú fíríìsà, èyí tí ìjọba fòfin dè láti ọdún 2003 pé kò gbọ́dọ̀ wọlé láti òkè òkun mọ́, síbẹ̀ tó ń gba ẹ̀yìn ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé lóru. (Mo mọ àwọn tó fi irú ẹ̀ ṣe àlejò nígbà Kérésì. N ò ní dárúkọ àwọn náà.) Ó fi àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti táìmù bọ̀ ọ́, ó dín in títí awọ ẹ̀ fi ń ró lẹ́nu. Mo kan sáárá sí i.

Ó wá ku ohun tó máa bá adìẹ rìn. Hùn-ùn.

Wọ́n gbé abọ́ ńlá kan dé, mo ṣí i. Sàláàdì! Kábéèjì tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà, ẹ̀wà inú agolo, ẹyin bíbọ̀ tí wọ́n gé ní roboto yí i ká, sàláàdì kírímù tí wọ́n rẹ́ lé e lórí bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ooru Ìbàdàn sì ti bá a sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́wàá: omi ti sun jáde lára kùkúńbà, kírímù ti ń pínyà. N ò bá sàláàdì jà o. Bí ọmọdé bá ń ṣọjọ́ ìbí, ẹ gbé e wá, màá jẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, láti Jos lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ wá sí ọjà Bódìjà, owó ọkọ̀ wà lórí wọn. Owó yẹn ni wọ́n fẹ́ kí àna rí. Ṣọkọ tó hù lẹ́yìnkùlé, owó wo ló fẹ́ fi hàn?

Ta wá ni wọ́n gbé e síwájú? Àwọn ará Òǹdó! Ìyá àgbà ọkọ ìyàwó, tí eyín ẹnu wọn ò lè ju mẹ́rin lọ, ni wọ́n fi itan adìẹ ìbílẹ̀ àti kábéèjì tútù dá lóró. Màmá fi ṣíbí tú sàláàdì náà síhìn-ín, wọ́n tú u sọ́hùn-ún, bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀ lórí ààtàn. Wọ́n wá rọra béèrè pé, “Ìyá ìyàwó wa, ṣé ẹ kì í jẹ ebòlò níbí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Mà. A ò rí ẹ̀fọ́ rà lọ́jà ni.”

A ò rí rà! Ní àsìkò òjò yìí! Tí gbúre ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà láìsí ẹni tó gbìn ín! Gbúre ọ̀hún gan-an, n ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn ẹ̀, torí omi ẹ̀ pọ̀, á sọ oúnjẹ di ẹ̀kọ. Adìẹ díndín ti gbẹ. Ohun tó lépo lára, tó rọ̀ lẹ́nu, ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Tẹ̀tẹ̀ rírò, ṣọkọ, ebòlò tó lẹ́gúsí nínú. Ọmọdé mọ èyí.

Mo dìde bí ẹni fẹ́ mu omi, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Òórùn kan lù mí nímú. Irú wooro! Ẹ gbà mí o. Mo ṣí ìkòkò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ṣọkọ rírò ni! Ata tí wọ́n sè títí omi ẹ̀ fi gbẹ kí wọ́n tó da epo sí i, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n fún dáadáa, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, epo pupa lé téńté, pọ̀nmọ́ àti edé ń yọjú. Ta ló wà nídìí ẹ̀? Ìyá Ìyàwó àti àwọn àbúrò ẹ̀ méjì, pẹ̀lú èbà, wọ́n ká apá lésì sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọmọ wa tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló ní irú á máa rùn, pé àwọn tó ń ya fídíò ti wà ní pálọ̀.”

Fídíò a máa gbóòórùn? Lọ́ńdọ̀nù náà ńkọ́? Ní Peckham níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa tó ń ta irú ò lóǹkà. Ta ni wọ́n ń tijú ẹ̀? Kí ìyá dúró níwájú àna, kó purọ́ ẹ̀fọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ ọmọ ẹ̀! Mo pòṣé títí ẹnu fi ro mí. Nígbà tó yá, mo jókòó, mo ní kí wọ́n bù tèmi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó dùn.

Ibi tí mo ti ń lá ìka ni ọmọ kékeré kan ti yọ́ kúrò lọ́dọ̀ wa, ó wọ pálọ̀ lọ, epo lẹ́nu títí dé àgbọ̀n, pọ̀nmọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní Màmá Òǹdó wo ọmọ, wọ́n wo sàláàdì, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dé abọ́ sàláàdì náà padà, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn di adìẹ sínú ọ̀rá, àwọn á fi jẹ ẹ̀fọ́ nílé.

Ìdána di oṣù tó ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n wá bójú tó oúnjẹ, mo sì ti sọ fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ mi ní Bódìjà kó bá mi wá ebòlò sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ò rí mi, ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀.