Ìwé Lójú, Orin Létí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta gààrí nítorí owó JAMB yẹn, ṣé ẹ ti rí bó ṣe ń kàwé? Ìwé báyọ́lọ́jì ń bẹ níwájú ẹ̀, íápíìsì dí etí méjèèjì, orí ń mì, ẹsẹ̀ ń jó lábẹ́ tábìlì. Asake ń kọrin létí ẹ̀, ó ní òun ń há bí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí! Háà!

Ẹ bá a wí wò. Yóò ní àwọn òyìnbó ti wádìí ẹ̀ pé orin ń jẹ́ kí ọpọlọ mú. Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbé ìyẹn wá. Lọ́dún 1993, ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Irvine, Frances Rauscher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi orin Mozart kan tí wọ́n fi dùùrù méjì lù sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 36 fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n fọkàn ro bí bébà tí a ká tí a sì gé yóò ṣe rí tí a bá tú u. Wọ́n ṣe dáadáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin ti dákẹ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ o! Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sì ni àǹfààní ọ̀hún fi pòórá. Àwọn ọmọ wa ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Àgbàlagbà náà ò kúkú sàn. Zell Miller, gómìnà Georgia l'Ámẹ́ríkà, tọ àwọn aṣòfin lọ lọ́dún 1998, ó lu orin Beethoven fún wọn, ó sì béèrè 105,000 dọ́là lọ́dún kí gbogbo ìkókó lè máa gba orin lọ sílé. Owó ìlú! Ìkókó kan ò sì sí nínú àwọn 36 yẹn.

Àwọn olùwádìí ní Kánádà ló tú àṣírí orin Mozart yẹn lọ́dún 2001. Àwọn tó gbọ́ Mozart tó yá gágá, inú wọn dùn, ara wọn jí, wọ́n ṣe dáadáa. Àwọn tí wọ́n gbọ́ orin Albinoni, orin arò, òfo ni tiwọn. Inú dídùn ló ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, ọmọ yẹn ò purọ́ tán, orin ń dùn mọ́ ọn, kò sì ní sùn. Ṣé inú dídùn ni JAMB máa bi í ni? Pierre Salamé àti Alan Baddeley ti fi hàn lọ́dún 1989 pé orin tó lọ́rọ̀ nínú ń da nǹkan téèyàn ń há sórí rú ju orin ìlù lásán lọ. Ohùn tá a fi ń ka nǹkan sínú ni olórin ń já lu.

Èyí tó wá bà mí nínú jẹ́ jù nìyí. Lọ́dún 2011, Nick Perham àti Joanne Vizard ní kí àwọn èèyàn há nǹkan sórí ní títò-tẹ̀lé-ra, nínú orin tí wọ́n fẹ́ràn àtèyí tí wọ́n kórìíra. Ọ̀kan náà ni méjèèjì! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló borí wọn. Ẹ lọ sọ ọ́ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lé yín jáde.

Mo tiẹ̀ gbọ́ pé tísà kan tó ń máàkì ìwé wọn, fújì ló ń gbọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́nu dákẹ́.